Bàálù Tó Balẹ̀ Sínú Ebè Iṣu

Láti Ṣakí títí dé Àgọ́-Àmọ̀dú, wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé ẹnu ni mo fi fa ọkọ̀ òfurufú àbúrò ọkọ mi já bọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà, ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n gbájú mọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo sì ń wo ohun tó yẹ kí ènìyàn wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kú, kí wọ́n má baà parọ́ mọ́ òkú mi.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ fisíìsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama, ní Ìṣẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ṣakí, títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. Ọkọ mi ti kú. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún mi ni ilẹ̀ oko kan lójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dú, tí ó fà lé mi lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀, lójú àwọn ẹbí, pé kí n máa gbin ẹ̀pà síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ Ṣakí mọ̀ pé àpáta pọ̀ nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ tèmi kò ní òkúta. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì gùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ nìyẹn: mo ní ilẹ̀ tó tẹ́.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, àbúrò ọkọ mi yìí ṣì ń lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń fi kànìnkànìn fọ etí rẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé wa, ọkọ mi ni. Mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mò ń kúnlẹ̀ kí i, mò ń pè é ní “ẹ̀yin”, òun ń pè mí ní “ìwọ”. Mo fún un ní orúkọ àdàpè nígbà náà, bí àwọn ìyàwó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ ìyìn ni. Mi ò ní í kọ ọ́ síbí, kí ó má baà rò pé mo ṣì gbà á gbọ́.

Ó lọ sí òkè Ọya, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó darí dé, ó ní ìdí bàálù lòun ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹnjiníà. Lọ́jọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jà ni obìnrin náà tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré tó máa ń fa ẹrù àwọn èrò lọ sí ìdí bàálù ni ọkọ òun ń wà. Nítorí náà, kò purọ́. Ìdí bàálù ló wà lóòótọ́. Kò kàn dé inú rẹ̀ rí ni.

Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń kan bàálù tirẹ̀, níbi tí àwa obìnrin ilé máa ń sá èlùbọ́ sí. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni a fi ń sá èlùbọ́ sórí òrùlé ilé adìyẹ nítorí Ẹnjiníà. Páìpù tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé ni ó fi ṣe egungun rẹ̀. Tapólì ni awọ ìyẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà kùn ún kí ó lè le. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìjàpá àtijọ́ kan ni ó rà wá láti Ìlúà, tí ó gbé síwájú. Ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ odó ní Ìpapó ni ó bá a gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì náà yóò máa yí. Ẹsẹ̀ bàálù, táyà bárò. Tí ẹ bá bi í níbi tí ó ti kọ́ gbogbo èyí, inú fóònù ni. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó máa wo àwọn òyìnbó tó ń kan bàálù lẹ́yìn ilé wọn, kí ó máa mi orí bí ẹni pé wọ́n ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọdọ̀ sọ òótọ́. Nígbà tí ó kàn án tán, mo yí i po, mo wo bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe tẹ̀ àti bí ó ṣe fẹ̀ tó, mo sì rí i pé nǹkan yìí lè fò. Èyí ló bà mí lẹ́rù. Ohunkóhun tó bá ní ìyẹ́ tó fẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì tó lágbára á fò. Ilẹ̀ ló ṣòro. Bàálù tó bá fẹ́ balẹ̀ gbọdọ̀ dín eré kù, ṣùgbọ́n tí eré bá ti kéré jù, ìyẹ́ kò ní í lè gbé e mọ́. Àyè tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù ti ń fara pa. Wọn kì í kọ́ bíbalẹ̀. Fífò ni wọ́n máa ń lá lálàá.

Lẹ́yìn tí mo kó ẹ̀pà mi tán lọ́dún náà, mo dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá katakata tó ń tẹ́ ilẹ̀ mi. Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Nígbà tí mo dé ilé, tí mo kúnlẹ̀ béèrè, àbúrò ọkọ mi ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé ẹ̀gbọ́n òun tó fi fún mi ti kú, àti pé ìlú tó bá ní pápá bàálù kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú tó ní oko ẹ̀pà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá baálé ilé wa, àbúrò bàbá ọkọ mi, arúgbó tí kò fẹ́ràn wàhálà. Ó ní kí á ṣì máa wò ó ná.

A wò ó. Bíbalẹ̀ àkọ́kọ́, kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ sá eré lórí ilẹ̀ ni, kí òun wo bí táyà ṣe ń yí. Ó sáré, ìyẹ́ sì ṣe iṣẹ́ ìyẹ́: ó gbé e. Ó ga tó òrùlé ilé. Ẹ̀rù bà á, ó pa ẹ́ńjìnnì lójijì, bàálù sì já lulẹ̀, ó ta sókè, ó tún já, ó tún ta, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lẹ́yìn. Táyà iwájú yọ, ó yí wọ igbó lọ. Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá ló bá wọn rí i. Ẹnjiníà ní táyà náà ni kò dára, ó sì lọ bú ẹni tó tà á fún un lójú ọjà.

Ìgbà kejì, ó fò ní tòótọ́. Ó yí orí oko káàkiri, ó lọ sí ìhà Àgọ́-Àmọ̀dú, ó sì padà. Ó bọ̀ dáadáa títí ó fi kù díẹ̀. Ó wá gbé imú bàálù sókè kí eré rẹ̀ lè dínkù, bí ó ti rí i nínú fóònù. Òyìnbó inú fóònù gbé imú tirẹ̀ sókè nígbà tí táyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Tiwa gbé tirẹ̀ sókè nígbà tí ó ṣì ga ju orí igi lọ. Eré tán, ìyẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, bàálù jókòó láti òkè bí ẹni tí wọ́n fa àga kúrò nídìí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n gbé Ẹnjiníà wálé lórí ẹní, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàálù yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo tún lọ bá baálé, mo ní òjò yóò dé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní oko tàbí mi ò ní. Ó pe gbogbo wa jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Ó ní kí àbúrò ọkọ mi tún bàálù rẹ̀ ṣe, kí ó mú ọjọ́, kí ó fò, kí ó sì balẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Tí ó bá balẹ̀ láyọ̀, ilẹ̀ ti di pápá bàálù, kí n wá ibòmíràn gbin ẹ̀pà sí. Tí kò bá balẹ̀ láyọ̀, kí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì tún wáyé mọ́ nílé yìí. Gbogbo wọn ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú wọn, wọ́n gbé e lé orí táyà bárò.

Inú ọyẹ́ ni ọjọ́ tí ó mú bọ́ sí. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Òkè-Ògùn tí kò mọ ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Láti ìpẹ̀kun oko mi lọ́hùn-ún, ní ìhà òkè Ọya, ni ó ti máa ń fẹ́ bọ̀ wá sí etí títì. Etí títì yìí náà ni igi òrí kan tó ní ìbòòji wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní kí kánópì àwọn àgbà wà, kí mọ́tò lè gbé baálé dé ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì náà, níbi tí pápá ti parí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti kọ ebè, ó ti gbin iṣu, ó ti fi koríko bò ó lórí.

Bàálù kékeré gbọdọ̀ kọjú sí atẹ́gùn tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Atẹ́gùn á máa dá a dúró, kò sì ní í sá jìnnà kí ó tó dúró. Tí ó bá kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, atẹ́gùn á máa tì í lọ, ilẹ̀ á sì tán kí eré tó tán. Lékeléke mọ èyí. Ẹ wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bà sẹ́yìn màlúù. Ṣùgbọ́n lékeléke kò ní baálé. Tí àbúrò ọkọ mi bá kọjú sí ọyẹ́, láti ẹ̀yìn àwọn àgbà ni yóò ti yọ, yóò gba orí fìlà wọn kọjá, yóò wá kọ ìdí sí wọn sá lọ. Ta ni yóò kọ ìdí sí baálé? Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí. Wọ́n fẹnu kò pé láti ọ̀kánkán ni kí ó ti wá, kí ó máa bọ̀ ní ojú wọn, kí ó dúró níwájú kánópì, kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ jiyàn lórí irú ẹní tí yóò dọ̀bálẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó dárúkọ atẹ́gùn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì san tán nígbà náà. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a nínú yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ọkọ mi,” mo ní, “tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọjú sí ọyẹ́. Ẹ gba ojú títì wọlé.”

“Kí n máa fò lórí Bàbá?”

“Ẹ gbé kánópì lọ sí ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún. Ojú wọn náà ni ẹ óò máa bọ̀.”

“Kí Bàbá máa fẹsẹ̀ wọ́ eruku kọjá nínú oko, torí pé ìyàwó ilé ló máa yan ibi tí àgbà máa jókòó sí?”

“Tí ẹ bá gba ọ̀kánkán wá, inú ebè ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ óò ti dúró.”

Ó gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. “Ẹnu rẹ yìí ò dáa. Ilẹ̀ lò ń jà fún, o wá ń fi atẹ́gùn bojú. Ta ló fò rí nínú èmi pẹ̀lú ẹ?”

“Ẹ̀yin ni,” mo ní. “Ẹ̀yìn yín náà ló sì ń dùn.”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú rere ni mo fi sọ ọ́ fún un. Tí ó bá gbọ́ tèmi, ó ṣeé ṣe kí ó balẹ̀ láyọ̀, kí ilẹ̀ mi sì lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mi ò lè rí ìdáhùn tó kùnà kí n má fi bírò pupa fa igi lé e, bó ti wù kí n kórìíra ọmọ tó kọ ọ́ tó. Mo tún lọ sọ ọ́ fún baálé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ìyàwó, a ti gbọ́.” Nílé wa, tí wọ́n bá ní àwọn ti gbọ́, ó ti tán nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, ètè gbogbo ènìyàn là. Lemọ́mù ṣe àdúrà. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ kánópì, àwa ìyàwó ilé jókòó sórí ẹní lẹ́yìn wọn. Etí gèlè mi ń na ọwọ́ sí ìhà ebè iṣu, ó ń fì fààfàà. Mo wò ó, mo wo àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà níwájú mi.

Níwájú kánópì ni ó ti gbéra, ó sì kọ ìdí sí wọn nígbà tí ó ń lọ. Kò sí ẹni tó bínú: wọ́n ní ẹni tó ti gbàyè lè kẹ̀yìn máa lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbéra wẹ́rẹ́. Ó kọjú sí ọyẹ́ láìmọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin yíjú sí mi, ó ní ṣé mo rí i báyìí. Mo ní mo rí i.

Ó yí padà lókè réré, ó wá dojú kọ wá. Ó sọ̀kalẹ̀ títí eruku fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà kò kan ilẹ̀. Ó kàn ń sá bọ̀ lókè ilẹ̀ níwọ̀nba, bí ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn. Ó kọjá ìdajì pápá. Ó kọjá ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́, nígbà tí ó bá rí i pé ilẹ̀ ń tán lọ báyìí, yóò fún ẹ́ńjìnnì níná, yóò tún fò lọ, yóò lọ tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ bàálù ńlá náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọlúwàbí yóò ṣe dé iwájú baálé, kí ó má dúró kí i, kí ó gbéra sọdá orí rẹ̀?

Ẹ̀gbẹ́ kánópì gan-an ni táyà ti kan ilẹ̀. Búréèkì kẹ̀kẹ́ tó fi sí i ké fíì lẹ́ẹ̀kan, ó já. Bàálù kọjá níwájú àwọn àgbà, atẹ́gùn rẹ̀ gba fìlà lórí baálé, ó sì wọ inú ebè. Ebè tó wà níwájú mú táyà, èyí tó tẹ̀ lé e mú imú, ìrù dìde sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì dojú dé. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìdí bàálù ló wà lókè, táyà ń yí lójú sánmà, ó kọjú sí kánópì tààrà. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ọgbọ́n wọn sá fún nìyẹn.

Mo dìde, mo sáré lọ bí àwọn yòókù. Ó so rọ̀ nínú bẹ́líìtì bí àdán, orí nísàlẹ̀, koríko iṣu lẹ́nu. Wọ́n gé bẹ́líìtì, wọ́n fà á jáde. Egungun èjìká rẹ̀ ti dá. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni, “Ṣé Bàbá rí i pé mo balẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ló ń sunkún fún tàbí iṣu.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ẹnjiníà jókòó pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n so mọ́ àyà, ó sì ní òun ló ni ilẹ̀. Ó ní àdéhùn ni pé kí òun balẹ̀. Ó ní táyà òun kan ilẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí òun tó dé inú ebè, àti pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, orí ilẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀; ìjàǹbá mọ́tò ni, kì í ṣe ti bàálù. Ẹ ò ní í gbàgbọ́, àwọn àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń mi orí, mo sì rí ilẹ̀ mi tó tún ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló yọ mí, láìfẹ́ yọ mí. Ó bẹ́ sọ́rọ̀, ó ní kí wọ́n dẹ́kun sísọ ti táyà, pé ẹnu ìyàwó yìí ló ṣe é. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo wí i pé inú ebè òun ni yóò ti dúró. Ó sì dúró síbẹ̀.

Baálé yíjú sí mi. “Ìyàwó, o sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ ọ́, Bàbá. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.”

Ó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀. “Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù ni.”

Kò béèrè ohun tí mò ń kọ́ wọn. Ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó fọwọ́ kan tẹsùbáà rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀ ìyàwó sílẹ̀ fún ìyàwó, lónìí, kí ẹnikẹ́ni má tún bá a fa ohunkóhun. Gbogbo wọn ní àmín, kíákíá, bí ẹni pé òjò fẹ́ pa wọ́n. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ atẹ́gùn fún wọn, mo sì rí i bí ara wọn ṣe le nígbà tí ẹnu mi là. Mo pa á dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi ẹ̀kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé yìí, kò sí ẹni tó gbọ́. Ìfẹ́ ni ọkọ mi fi fún mi ní ilẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹ̀rù ni wọ́n fi dá a padà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, mo wá àwọn tó máa bá mi kọ ilẹ̀. Katakata ti tẹ àárín oko le bí ojú títì, ọkọ́ ń ta padà lára rẹ̀. Ẹ̀pà kò ṣe dáadáa níbẹ̀ lọ́dún náà. Ti ẹ̀gbẹ́ oko ló ta. Mo wú èyí tó ta, mo sè é, mo sì bù ú fún gbogbo ilé bí mo ti máa ń ṣe tí ẹ̀pà tuntun bá jáde. Mo bu ti Ẹnjiníà sínú abọ́ tó dára, mo fi ìdérí dé e, mo sì gbé e lọ fúnra mi. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọkọ òun dúpẹ́ púpọ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi òróró sóko, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ nọ́fílà ló ń gbà. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí ọkùnrin náà lórí àga, ó ń fi ọwọ́ tí kò ṣèṣe ti búrẹ́dì bọ inú tíì.

Mo ní kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí pèpéle wọn níbẹ̀, mo ṣí abọ́, mo sì jẹ ẹ̀pà mi tán.